Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Ìwọ̀nba Àtọ̀ Sínú Òtútù

Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sì jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ní ìlú náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí ìyàwó bá wọlé ọkọ tí oṣù ń lọ tí oṣù ń bọ̀ tí kò lóyún, òun ni gbogbo ojú máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n á mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, wọ́n á mú un lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n á se àsèjẹ fún un. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí ọkọ náà lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ tirẹ̀, ọdún á ti gorí ọdún. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí jẹ́ ti àwọn ọkùnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà, tí wọ́n sì bá a pé ohun tó wà lára wọn kéré jọjọ, àti ti ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ gbà kọ́ láti má ṣe jẹ́ kí èyí tó kéré náà ṣòfò.

Àwọn dókítà ilẹ̀ wa ti wo ọ̀ràn náà tipẹ́. Ní 1980, Ladipo ti ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àtọ̀ àwọn ọkùnrin Nàìjíríà tó ti bímọ rí àti àwọn tí kò rọ́mọ bí. Ní 1985, Osegbe àti Amaku ní Èkó kọ àkọsílẹ̀ lórí ohun tó fà á tí ọkùnrin 504 tó wá gba ìtọ́jú kò fi rọ́mọ bí. Ohun tó lè fà á pọ̀. Àtọ̀sí tí wọn kò tọ́jú dáadáa lè dí ojú ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà jáde. Ṣẹ́gẹdẹ̀ tó bá mú ọmọkùnrin tó ti bàlágà lè sọ̀kalẹ̀ sí kórópọ̀n kó sì bà á jẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú àpò ẹpọ̀n lè wú. Ó sì ń ṣẹlẹ̀ pé kí wọ́n wá ìdí rẹ̀ tì.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a mọ ìwọ̀n ohun tí à ń sọ. Àtọ̀ ni omi tó ń jáde lára ọkùnrin. Inú omi náà ni àwọn hóró tó ń wá ẹyin obìnrin lọ wà. Hóró àtọ̀ kan, àti orí àti ìrù rẹ̀, kò gùn ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ, ojúyòójú kò sì lè rí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìwé ìlànà rẹ̀ tó jáde ní 2021, fi mílíọ̀nù 16 hóró nínú mìlílítà kan ṣe ààlà ìsàlẹ̀ fún àwọn ọkùnrin tí aya wọn lóyún láàárín ọdún kan. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè bímọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí gbogbo hóró tó wà nínú àtọ̀ wọn kò tó ọgọ́rùn-ún, àwọn mìíràn sì wà tí a kò rí ẹyọ kan péré. Nínú gbogbo ọkùnrin ayé, nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ló wà ní ipò ìkẹyìn yìí. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè lágbára bí ẹṣin, kó sì máa bá aya rẹ̀ lò pọ̀ láìsí ìṣòro kankan. Kì í ṣe akúra, kì í ṣe òkóbó. Pípa tí àwọn èèyàn pa àìní hóró àtọ̀ pọ̀ mọ́ akúra ti mú kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin sá fún àyẹ̀wò, aya wọn ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀ àti òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí yóò dà. Ní 1776, Lazzaro Spallanzani, àlùfáà ará Ítálì tó tún jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣàkíyèsí pé àwọn hóró àtọ̀ tó ti dákẹ́ nínú òjò dídì tún ń mira nígbà tí ara wọn bá móoru. Ní 1866, Paolo Mantegazza, ará Ítálì bákan náà, sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí jagunjagun tó kú sójú ogun yóò lè bímọ nípasẹ̀ àtọ̀ tó fi sílẹ̀ nínú yìnyín. Fún bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Ohun tó ń dènà wọn ni pé omi inú hóró máa ń di yìnyín, bí ìgò omi tó kún tí a gbé sínú fírísà ṣe máa ń fọ́ ni hóró náà ṣe ń bàjẹ́. Iyọ̀ tí omi tó dì fi sílẹ̀ tún ń pọ̀ sí i yí hóró náà ká, ó sì ń pa á.

Ìlú London ni ojútùú ti wá, àṣìṣe ló sì gbé e wá. Ní ilé ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Mill Hill, Christopher Polge, Audrey Smith àti Alan Parkes ń gbìyànjú láti fi omi ṣúgà kan dáàbò bo àtọ̀ àkùkọ nínú òtútù. Kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbé ìgò náà tì sínú ilé òtútù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n tún mú un jáde, ni ó bá ṣiṣẹ́ lọ́nà ìyanu. Wọ́n po omi ṣúgà tuntun, kò ṣiṣẹ́. Ìwọ̀nba tó kù nísàlẹ̀ ìgò àtijọ́ ni wọ́n gbé lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé kò sí ṣúgà kankan níbẹ̀. Gílísírìn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú èròjà funfun ẹyin. Ó jọ pé lébẹ́ẹ̀lì ìgò méjì ló ti pààrọ̀ ara wọn. Gílísírìn yìí kan náà ni àwọn èèyàn wa ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láti fi pa ara nígbà ọyẹ́. Ó máa ń wọ inú hóró, á dín yìnyín tó ń dì níbẹ̀ kù, á sì dín oró iyọ̀ náà kù. Wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1949.

Àwọn tó ń sin màlúù ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, àtọ̀ akọ màlúù tó ti dì ń rìnrìn àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn níbẹ̀: ní Shika, lẹ́bàá Zaria, ilé ìwádìí nípa ohun ọ̀sìn tí wọ́n ń pè ní NAPRI ti ń fi irú àtọ̀ bẹ́ẹ̀ gbin màlúù. Ti èèyàn dé ní 1953, nígbà tí Jerome Sherman àti Raymond Bunge ní Yunifásítì Iowa, Amẹ́ríkà, ròyìn pé àwọn obìnrin ti lóyún nípasẹ̀ àtọ̀ tí wọ́n fi gílísírìn sí tí wọ́n sì fi yìnyín gbígbẹ mú dì. Nígbà tó di 1963, Sherman ti fi èéfín náítírójìn olómi rọ́pò yìnyín gbígbẹ. Omi náítírójìn tutù dé ìwọ̀n -196°C. Ní irú òtútù bẹ́ẹ̀, ohunkóhun kò lè yí padà nínú hóró mọ́. Ọdún kan àti ogún ọdún kò yàtọ̀ sí ara wọn.

Ní Èkó, ìtọ́jú àwọn tí kò rọ́mọ bí gbèrú ní ọdún 1980 sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde ní 1985 lórí fífi àtọ̀ ọkùnrin mìíràn gbin obìnrin ní Èkó. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ròyìn láti Australia pé àwọn obìnrin mẹ́rin ti kó kòkòrò àrùn éèdì nípasẹ̀ àtọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n fi gbìn wọ́n. Ìròyìn náà yí iṣẹ́ yìí padà káàkiri ayé. Láti ìgbà náà, ìlànà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé kí wọ́n mú àtọ̀ ẹni tó fi ta ọrẹ dì fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n tó lò ó. Báyìí ni òtútù ṣe di ohun tí ń dáàbò bo obìnrin.

Ọ̀nà mìíràn tún ti dé, IVF, ìyẹn mímú ẹyin àti àtọ̀ pàdé nínú àwo gíláàsì: Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n bí nípasẹ̀ rẹ̀, wáyé ní Oldham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1978. Ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, ní Èkó, Giwa-Osagie kan náà àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ Ashiru bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn láàárín ọdún 1980 sí 1989, ọmọ sì jáde nínú iṣẹ́ náà ní 1989. Ní Abuja, Dókítà Ibrahim Wada ti ilé ìwòsàn Nisa Premier gba ọmọ tí wọ́n bí nípasẹ̀ IVF ní 1998. Bridge Clinic bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1999, Nordica tẹ̀ lé e ní 2003, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń gbé Ìmùṣin, Èkó ni irú ìtọ́jú yìí ti kọ́kọ́ súnmọ́ ọn, bóyá kó gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ tàbí ọ̀nà Ṣágámù.

Síbẹ̀, IVF àkọ́kọ́ kò ran ọkùnrin tí hóró tirẹ̀ kéré lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwo gíláàsì náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró ni wọ́n máa ń dà yí ẹyin kan ká kí ọ̀kan tó wọlé. Brussels ni ìṣirò náà ti yí padà. Ní 1992, Gianpiero Palermo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì VUB ròyìn pé àwọn ti fi abẹ́rẹ́ gíláàsì tín-ín-rín gbé hóró kan ṣoṣo sínú ẹyin kan, oyún sì dúró. ICSI ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Láti ọjọ́ náà, ẹyin mẹ́wàá kò béèrè ju hóró mẹ́wàá lọ. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé kò di dandan kí hóró náà tinú àtọ̀ wá. A lè la kórópọ̀n, ká mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀, ká sì wá hóró nínú rẹ̀. Ní 1999, Peter Schlegel ní New York fi hàn pé bí oníṣẹ́ abẹ bá lo awò tó ń mú nǹkan tóbi láti wo àwọn ọ̀pá tíntìntín inú kórópọ̀n, yóò rí àwọn tó ṣeé ṣe kí hóró wà nínú wọn, yóò sì mú ẹran tó kéré gan-an jáde.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀nba àtọ̀ ti di ohun tí wọn kò lè fojú fò. Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ní láàbù. Ẹran tí oníṣẹ́ abẹ mú kò tóbi ju hóró ìrẹsì mélòó kan lọ. Ẹni tó wà ní láàbù á kó o sínú àwo pẹlẹbẹ, á fi abẹ́rẹ́ méjì ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ, á sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, pàǹtí ara wà níbẹ̀, hóró tí kò dàgbà wà níbẹ̀. Á máa wá a láti ojú kan sí òmíràn fún wákàtí púpọ̀. Ó lè rí mẹ́ta, ó lè rí méje, èyí tó ń mira lára wọn sì lè jẹ́ ẹyọ kan. Tí iṣẹ́ abẹ ọkọ bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà tí wọ́n gba ẹyin ìyàwó, wọ́n lè lo wọn lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá wá wọn tì lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ tí obìnrin náà ti gbà fún ọjọ́ mẹ́wàá àti owó tó ti san ti wọmi. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkọ, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n rí pamọ́, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kan ara ìyàwó. A kò sì lè máa la kórópọ̀n lemọ́lemọ́, nítorí pé ibi tí wọ́n bá gé kì í tún hù padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú àtọ̀ dì láti ayé Sherman, fún mílíọ̀nù ni wọ́n ṣe é. Wọ́n á da àtọ̀ pọ̀ mọ́ omi gílísírìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fà á sínú sítírọ́ọ̀ tó gba ìdá kan nínú mẹ́rin mìlílítà kan, wọ́n á fi sókè èéfín náítírójìn kó máa tutù lọ, wọ́n á wá jù ú sínú omi náítírójìn. Nígbà tí wọ́n bá yọ́ ọ, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń mira tẹ́lẹ̀ lè ti kú. Ẹni tó ní ogójì mílíọ̀nù kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ní méje, bí wọ́n bá da méje náà sínú sítírọ́ọ̀, ó lè má tún rí ẹyọ kan mọ́: wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara sítírọ́ọ̀, wọ́n á sọnù nígbà tí wọ́n bá ń fọ gílísírìn kúrò, tàbí kí wọ́n wà níbẹ̀ kí ojú má kàn wọ́n.

Jacques Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní 1997 tó yẹ kí a dúró wò. Wọ́n mú ẹyin tí wọn kò ní lò mọ́, wọ́n fa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, ó wá ku èèpo rẹ̀ nìkan. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ICSI gbé hóró àtọ̀ sínú èèpo òfìfo náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mú un dì. Èèpo náà hàn ketekete lábẹ́ maikirosíkóòpù, hóró kò lè wẹ̀ jáde, omi gílísírìn sì lè wọlé kó sì jáde. Nígbà tí wọ́n yọ́ ọ, wọ́n rí ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ padà. Lójú mi, ìrònú yìí ni kókó gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e: kí ibùgbé náà kéré tó hóró náà, kí ẹni tó fi pamọ́ lè mọ ibi tó fi í sí. Ohun tó fà á sẹ́yìn ni pé ẹyin ẹranko ni èèpo náà sábà máa ń jẹ́, àwọn aláṣẹ ìlera kò sì fẹ́ kí ohun ara ẹranko kan ohun tí yóò di ọmọ èèyàn.

Lẹ́yìn èyí ni onírúurú ohun èlò jáde. Àwọn kan lo òrùka ọ̀rá tíntìntín tí omi máa ń fẹ̀ sí lójú. Àwọn kan gé sítírọ́ọ̀ là. Àwọn ará Austria kan tilẹ̀ gbé hóró sínú ewé omi róbótó tó ń jẹ́ Volvox. Ní Japan ni Cell Sleeper ti wá, ní Ísírẹ́lì sì ni SpermVD ti wá, pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀kán omi lé lórí, hóró díẹ̀ nínú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Títí di ìsinsìnyí, kò sí èyí tó borí gbogbo yòókù. Ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ṣì ṣe pàtàkì ju orúkọ ohun èlò náà lọ.

Ewu kan wà tó kan ilẹ̀ wa gidigidi. Ẹ̀kán omi tí kò ní ìbòrí máa ń kan náítírójìn olómi tààrà. Ní 1995, wọ́n ròyìn ní London pé àrùn jẹ́dọ̀jẹ́dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B ti ran àwọn aláìsàn kan nípasẹ̀ agbada náítírójìn tí wọ́n jọ tọ́jú mùdùnmúdùn egungun wọn sí, nígbà tí àpò kan jò. Hepatitis B wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, agbada ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ní àrùn náà, àti ohun ìfipamọ́ tó ní ìdérí kì í ṣe àṣejù rárá.

Ewu kejì wà lára agbada náà fúnra rẹ̀. Kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná láti tutù, èyí sì jẹ́ oore ńlá níbi tí iná ti ń ṣe ségesège. Omi náítírójìn ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi náà ń fò lọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń tọ́jú agbada á ki ọ̀pá ìwọ̀n bọ inú rẹ̀, á yọ ọ́, á fì í nínú afẹ́fẹ́. Ibi tí ìrì dídì funfun bá dé lára ọ̀pá ni omi náà dé. Bí mọ́tò tó ń gbé náítírójìn bọ̀ láti ilé iṣẹ́ bá há sójú ọ̀nà, ọ̀pá yìí ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní Bristol, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹfà 2003, omi náà lọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan tí àwọn tó ní jẹjẹrẹ ti fi àtọ̀ wọn pamọ́ ṣáájú ìtọ́jú, àtọ̀ náà sì bàjẹ́. Mẹ́fà nínú àwọn tọ́ràn kàn pẹjọ́, nígbà tó sì di 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ohun ìní àwọn ọkùnrin náà ni àtọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ní Cleveland, Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹta 2018, ẹyin àti ọlẹ̀ tó lé ní 4,000 ló ṣòfò nínú agbada kan ṣoṣo. Ohun tó yẹ kí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ rọrùn fún ẹni tí hóró rẹ̀ kò tó mẹ́wàá: kí wọ́n pín in sí agbada méjì.

Kì í ṣe ẹni tó ń wá ọmọ lọ́wọ́lọ́wọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú oògùn líle tàbí ìtànṣán lè pa ibi tí hóró ti ń hù ráúráú. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà ní tirẹ̀: Osegbe àti Akinyanju ti Èkó ti kọ ọ́ ní 1987 pé kórópọ̀n àwọn ọkùnrin tó ní àìsàn náà kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Oògùn hydroxyurea tó ń dín ìrora wọn kù lè dín hóró àtọ̀ kù sí i. Ní 2011 ni ilé ìwòsàn UBTH, ní ìlú Benin, bẹ̀rẹ̀ sí í fi mùdùnmúdùn ẹlòmíràn wo irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sàn, oògùn tí wọ́n sì ń lò ṣáájú iṣẹ́ náà lágbára lórí kórópọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogún ọdún tó ń múra láti gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, bí àtọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ kéré, ó yẹ kí dókítà bá òun àti àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìfipamọ́ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́, nítorí pé ojú ń ti àgbà láti dárúkọ àtọ̀ níwájú ọmọ, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè.

Ní ti òfin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1990, ọdún mẹ́wàá sì ni àkókò tó wọ́pọ̀ fún ìfipamọ́ kí wọ́n tó sún un sí ọdún 55 ní oṣù keje 2022, bí oníǹkan bá ń tún ìfọwọ́sí rẹ̀ ṣe ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014, ní abala 50, ka ṣíṣe ẹ̀dà èèyàn léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ iye ọdún tí àtọ̀ lè fi wà nínú òtútù, kò sì sọ ẹni tó ni ín bí baba bá kú. Ọ̀rọ̀ ogún náà tún wà níbẹ̀: ìlànà ìdí-igi ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí ẹjọ́ Danmole àti Dawodu fìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí dé iwájú Privy Council ní London ní 1962, ń pín ogún gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ fún baba. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìlànà yẹn kalẹ̀, kò sẹ́ni tó rò pé ìyàwó lè lóyún fún ọkọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti sin ín. Bí irú rẹ̀ bá dé ilé kan ní Ìmùṣin lónìí, ìwé ìfọwọ́sí tí ọkọ náà kọ ní ilé ìwòsàn ni àwọn ẹbí yóò kọ́kọ́ béèrè: ṣé ó ní kí wọ́n pa àtọ̀ òun run bí òun bá kú ni, àbí ó ní kí aya òun lò ó? Ojú ìwé náà ni ó yẹ kí tọkọtaya kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n béèrè ohun tí kò bá yé wọn, kí ọkọ fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn sí i, kí wọ́n sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé.